Oorun Nínú Ilé Tó Tutù: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Kí Òtútù Má Baà Mú Yín Mọ́jú

Ẹni tí òtútù bá ti mú mọ́jú rí mọ̀ pé ìyà gidi ni. Ẹsẹ̀ á le, èjìká á ká sókè, èèyàn á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ilẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí oorun tó gbé e lọ. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ká gbé iná wọ yàrá, tàbí ká máa kó aṣọ lé ara wa lórí. Èmi gbà pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń pèsè ooru lórí ibùsùn. Tọ̀sán tòru, inú ara wa máa ń gbóná tó nǹkan bíi 37°C. Kúbùsù kì í mú ooru wá látibì kankan; ooru tó ń ti ara wa jáde ló ń dá dúró. Torí náà, ẹ má da ara yín láàmú pé gbogbo ilé gbọ́dọ̀ gbóná. Ẹ wá ibi tí ooru ara yín ń gbà sá lọ, kí ẹ dí i.

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2018 lórí ọ̀rọ̀ ilé àti ìlera, wọ́n ní kí inú ilé má ṣe tutù ju 18°C lọ lásìkò òtútù láwọn ilẹ̀ tí ojú ọjọ́ wọn máa ń tutù. Bí apá yín bá ká a láti mú yàrá yín gbóná dé ibẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí apá wọn ò ká a ni mò ń kọ èyí fún: ẹni tí ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́, ẹni tí owó iná ń dẹ́rù bà, àti ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹ̀yìn yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura pé abẹ́ ni òtútù ti ń wọlé sí wọn lára. Gbogbo ohun tó bá rí fúkẹ́fúkẹ́, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń dá ooru dúró. Tí ẹ bá wá dùbúlẹ̀ lé e, tí ara yín tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ yẹn á jáde, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ìdí nìyẹn tí kúbùsù kan náà fi lè wúlò gan-an lókè, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan lábẹ́. Sìmẹ́ńtì àti táìsì ló burú jù. Wọ́n tètè máa ń fa ooru kúrò lára ohunkóhun tó bá fara kàn wọ́n, wọn kì í sì í yó.

Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ lẹ̀ ń sùn sí, ẹ wá páálí. Èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù, tó nípọn, tó sì ní ihò tóóró tóóró nínú, ló dára jù, torí pé afẹ́fẹ́ há sínú àwọn ihò yẹn. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì fẹ̀ ju ibi tí ara yín máa gbà lọ, torí ẹ máa yí lójú oorun. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹní lé e, kí fóòmù wá wà lókè. Bí kò bá sí páálí, ìwé ìròyìn tó pọ̀ tàbí àwọn aṣọ tí ẹ kò wọ̀ mọ́ lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ń kọjá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tẹ́ kúbùsù tó nípọn sáàárín fóòmù àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Fóòmù tó ní sípíríǹgì nínú, àti irú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ló nílò rẹ̀ jù: àyè pọ̀ nínú wọn, afẹ́fẹ́ inú àyè náà á sì máa yí ká, á máa gbé ooru yín lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ní kúbùsù méjì péré, tí fóòmù yín sì ti rọ̀ pẹlẹbẹ, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tẹ́ ọ̀kan sábẹ́, kí ẹ fi ìkejì bora. Ó lè dà bíi pé ẹ ń fi aṣọ ìbora ṣòfò, àmọ́ ẹ gbìyànjú rẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá abẹ́ ni ìṣòro yín wà rèé. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ bora, kí ẹ má yí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àyà àti ikùn bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́, tí ìbàdí àti èjìká tó kan ibùsùn wá ń tutù, ẹ má wulẹ̀ fi aṣọ kún ti òkè. Abẹ́ ni kí ẹ lọ tún ṣe.

Ẹ wo ibi tí ibùsùn wà pẹ̀lú. Ògiri tó kọjú sí ìta máa ń tutù ju èyí tó pín yàrá sí yàrá lọ, ara wa sì máa ń pàdánù ooru sí ògiri tútù tó wà nítòsí, kódà tí a kò bá fara kàn án. Ẹ sún ibùsùn sídìí ògiri inú, kí ó jìnnà sí fèrèsé. Bí yàrá bá kéré tí kò sí bí ẹ ṣe lè sún un, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ibùsùn àti ògiri ìta, kí ìrọ̀rí àti kúbùsù yín má máa kan án.

Ìgbésẹ̀ kejì: Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ sùn

Ẹ má fi aṣọ tí ẹ wọ̀ látàárọ̀ sùn. Kódà tí ẹ kò bá rí òógùn kankan lára rẹ̀, ọ̀rinrin ara yín ti wọ̀ ọ́, ohun tó bá sì ní ọ̀rinrin máa ń fa ooru jáde kíákíá. Ẹ bọ́ ọ, ẹ nu ara yín gbẹ, kí ẹ wọ aṣọ mìíràn tó gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá fọ irun lálẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó fi orí lé ìrọ̀rí.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí kò fún mọ́ ara sàn ju ẹyọ kan tó wúwo lọ, torí afẹ́fẹ́ á há sáàárín wọn, ó sì rọrùn láti bọ́ ọ̀kan tí ooru bá pọ̀ jù. Aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun máa ń mú ara lọ́wọ́ọ́wọ́, kódà tó bá ní ọ̀rinrin díẹ̀. Aṣọ òwú dára lára, àmọ́ tí òógùn bá ti wọ̀ ọ́, ó pẹ́ kó tó gbẹ, ó sì máa ń tutù mọ́ni lára. Ẹ ki ẹ̀wù bọnú ṣòkòtò, kí ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà rí àyè wọlé tí ẹ bá ń yí.

Ẹsẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Kí oorun tó lè gbé wa, ara máa ń dín ooru inú rẹ̀ kù díẹ̀, ó sì ń ṣe é nípa ríran ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nílùú Basel ní Switzerland kọ ọ́ sínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń tètè sùn. Torí náà, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ṣùgbọ́n kó má fún. Èyí tó bá fún ẹsẹ̀ pinpin kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ á sì tún tutù sí i. Bí ẹ bá fẹ́ wọ méjì léra, kí ti òkè tóbi ju ti abẹ́ lọ.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé orí ni ìdajì ooru ara ń gbà jáde. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí kì í ṣe ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ara àgbàlagbà lọ, ooru tó sì ń tibẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ. Síbẹ̀, ẹ dé fìlà. Gbogbo ara yòókù ló wà lábẹ́ kúbùsù, orí nìkan ló kù síta, pàápàá orí tí kò nírun.

Ẹ má wá kó aṣọ sára débi tí ẹ máa làágùn o. Ẹni tó bá làágùn ní agogo méjìlá òru, òtútù á jí i ní agogo mẹ́ta. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ ni inú ara èèyàn máa ń tutù jù, ìgbà yẹn náà ni ilé sì máa ń tutù jù. Ẹ wọ ohun tó mọ níwọ̀n sùn, kí ẹ wá ká kúbùsù kan síbi tí ọwọ́ yín á tó láì dìde, kí ẹ lè fà á bora nígbà tó bá yá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bíbora

Èyí tó rí fúkẹ́fúkẹ́, tó sì fúyẹ́, ni kó sún mọ́ ara yín jù. Kí èyí tó ki, tí afẹ́fẹ́ kì í tètè gbà kọjá, wà lókè rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ohun tó wúwo gan-an lé e, á tẹ̀ ẹ́ pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì jáde. Ẹ ṣẹ́ etí kúbùsù mọ́ abẹ́ fóòmù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti níbi ẹsẹ̀. Ọrùn àti èjìká ni òtútù tún máa ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ fi ṣáàlì tàbí aṣọ kékeré kan dí àlàfo ibẹ̀. Kóòtù àti súwẹ́tà tí ẹ kò wọ̀ lè wà lórí kúbùsù níbi ẹsẹ̀.

Ẹ má bo ojú. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni, torí èémí tó gbóná máa ń dùn mọ́ni níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ omi wà nínú èémí, á sì máa rin aṣọ ìbora láti inú wá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí imú àti ẹnu wà níta.

Bí ẹ bá lẹ́nì kan tí ẹ jọ ń sùn, ẹ sún mọ́ra yín. Kò sí ohun tó ń fún ẹlòmíì ní ooru bí ara ẹni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Nílé tí èèyàn pọ̀ sí, ó sàn kí gbogbo yín jọ sùn ní yàrá kan ṣoṣo tó kéré jù lọ, dípò kí kálukú lọ máa gbọ̀n ní tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kí ẹ tó dùbúlẹ̀

Ibùsùn tó tutù máa ń jẹ lára ooru yín fún ìgbà pípẹ́ kó tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ohun tó sàn jù ni pé kí ẹ ti mú un gbóná sílẹ̀. Àpò rọ́bà tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná ló dára jù lójú tèmi: kò gba iná mọ́jú, owó rẹ̀ kò pọ̀, ooru rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ẹ má fi omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ rọ ọ́ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta àpò náà, kí ẹ rọra tẹ afẹ́fẹ́ tó kù jáde, kí ẹ wá dé e pinpin. Ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ lórí básíà kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e. Ẹ gbé e sí àárín ibùsùn ní bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, kí ẹ tó wọlé kí ẹ tì í lọ síbi ẹsẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó kan awọ ara yín ní tààràtà mọ́jú. Ohun tí kò gbóná ju 44°C lọ, tí ọwọ́ lè dì mú láìsí wàhálà, lè jó awọ ara tó bá wà níbì kan náà fún wákàtí mẹ́fà. Àwọn tí àtọ̀gbẹ ti sọ ẹsẹ̀ wọn di aláìmọ̀ǹkan-lára ló yẹ kó ṣọ́ra jù, torí wọn kò ní mọ̀ títí awọ á fi bó. Ó dára kí wọ́n gbé e kúrò nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Rọ́bà náà máa ń gbó. Bó bá ti ń sán, tàbí tó ti lé ní ọdún méjì tí ẹ ti ń lò ó, ẹ ra òmíràn. Bí ẹ kò bá ní i, ìgò tí ìdérí rẹ̀ dé dáadáa, tí ooru kò lè fọ́ tàbí kó yọ́, lè ṣe é, ẹ ṣáà rí i pé ẹ wé e.

Bó bá jẹ́ kúbùsù oníná lẹ ní, ẹ lò ó láti fi mú ibùsùn gbóná, kí ẹ pa á kí ẹ tó sùn, àyàfi bí àwọn tó ṣe é bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ lè tàn án mọ́jú. Ẹ má ká a nígbà tó wà lórí iná, ẹ má sì gbé àpò omi gbígbóná sórí rẹ̀ láé.

Ẹ jẹun alẹ́ tó ní láárí, torí ara máa ń pèsè ooru bó ṣe ń da oúnjẹ. Ẹ mu ohun tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọtí. Ọtí máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ara ń gbóná, torí pé ó ń da ẹ̀jẹ̀ sí awọ ara, ibẹ̀ gan-an ni ooru inú ara sì ń gbà sá lọ. Ẹ rìn díẹ̀ nínú yàrá, ẹ na apá àti ẹsẹ̀, kí ẹ dúró kí òógùn tó yọ. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó sùn, kó má baà di pé ẹ ń jáde kúrò nínú ooru láàárín òru.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Yàrá

Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ fi omi ra ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ wá gbé e yípo etí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ títutù lójijì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ ká aṣọ tàbí táwẹ́ẹ̀lì sẹ́nu abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ fi téèpù dí ibi tó là lára fèrèsé. Ọ̀rá fífẹ̀ tó mọ́ kedere, tí ẹ fi téèpù lẹ̀ mọ́ férémù fèrèsé yípo, á há afẹ́fẹ́ sáàárín òun àti gíláàsì, ìyẹn sì máa ń ṣèrànwọ́ gan-an. Lọ́sàn-án, ẹ ṣí kọ́tìnnì fún oòrùn. Kó tó di pé oòrùn wọ̀ tán, ẹ fà á dé.

Ẹ má gbé èédú wọ yàrá

Ohun kan rèé tí mi ò lè rọra sọ. Bó ti wù kí òtútù náà le tó, ẹ má gbé èédú tó ń jó, sítóòfù tàbí ẹ̀rọ tó ń lo pẹtiróòlù wọ ibi tí ẹ máa sùn, ẹ má sì tan ààrò gáàsì torí kí ilé lè gbóná. Èédú tó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ń tinú rẹ̀ jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í mú ojú ta. Ó máa ń di ẹ̀jẹ̀ mú ní ohun tó lé ní ìlọ́po 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì í mú lọ, ọ́síjìn kò sì ní ráyè mọ́. Ẹni tó ti sùn kì í mọ̀ ọ́n lára kó tó kú. Fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kò tó ààbò.

Bí nǹkan kan bá ń jó níbikíbi nínú ilé yín, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké tí carbon monoxide bá wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ má sì dí ihò tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́. Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, tí ẹ sì ń ṣàárẹ̀, ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó pe àwọn tó máa ràn yín lọ́wọ́.

Carbon monoxide kì í tinú ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo iná mànàmáná jáde, ṣùgbọ́n ó lè dáná sun ilé. Kí ó jìnnà tó mítà kan sí ibùsùn àti kọ́tìnnì, kí ẹ fi wáyà rẹ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ní tààràtà, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sùn.

Ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà

Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa kíkó kúbùsù jọ kò kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Aṣọ ìbora tó tú sílẹ̀, ìrọ̀rí àti fìlà lè bo imú rẹ̀, àpò omi gbígbóná sì lè jó o. Ẹ tẹ́ ẹ sùn ní ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ibùsùn tirẹ̀ nínú yàrá yín. Àpò ìsùn ọmọdé tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, tí wọ́n máa ń wọ̀ fún un bí ẹ̀wù, ló dára jù. Ẹ fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òtútù ń mú un. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ sábà máa ń tutù láìsí wàhálà.

Ti àwọn àgbàlagbà yàtọ̀. Ara wọn lè má tètè sọ fún wọn pé òtútù ń mú wọn. Ẹ má kàn bi wọ́n pé, “Ṣé òtútù ń mú yín?” Ẹ fọwọ́ kan ikùn wọn. Bí ooru inú ara bá ti wálẹ̀ ju 35°C lọ, ó ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Ẹni náà á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀, á máa ṣe bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra. Bó bá wá dáwọ́ gbígbọ̀n dúró tí ara rẹ̀ ṣì tutù, ìgbà yẹn gan-an ló léwu jù. Ẹ pe dókítà tàbí ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Kí ẹ tó rí wọn, ẹ bọ́ aṣọ tí omi bá ti rin kúrò lára rẹ̀, ẹ wé àyà, ọrùn àti orí rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ ra apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá là dáadáa tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ohun mímu tó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Bí ilẹ̀ bá mọ́

Omi tí ẹ mí jáde lóru wà lára kúbùsù àti lára fèrèsé. Ẹ má tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí kúbùsù sẹ́yìn, ẹ nu omi ara fèrèsé, kí ẹ ṣí fèrèsé gbayawu fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn tó ń sùn nílẹ̀, ẹ gbé fóòmù dìde fara ti ògiri, kí ẹ ká ẹní àti páálí kúrò nílẹ̀, torí ọ̀rinrin máa ń kóra jọ sábẹ́ wọn, wọ́n á sì bu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Páálí tó bá ti rọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kúbùsù tí ẹ bá fọwọ́ kàn tó ṣì tutù bí ẹni pé ó lómi, ẹ sá a sínú oòrùn tàbí síbi tí atẹ́gùn wà, kó lè gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́.